Orúkọ Zoila Lára Ògiri

Mo ti sọ fún Zoila pé ká má lọ. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, mo tún un sọ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Àgbà ti ń fọn fèrè níwájú ilé wa, mo ṣì ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń bá a so okùn bàtà rẹ̀. Ó ti da ìborùn dúdú tó máa ń lò lọ síbi ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere bora, ó ti fi omi pa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá jókòó gbọnin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

"Edelmira," ó ní, "ọmọ yẹn kọ orúkọ mi sílẹ̀ níṣojú mi. Mo fẹ́ lọ rí i."

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti pé ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ilé olóògbé Ọ̀gá Hermógenes Burbano, oníṣẹ́ ọnà àpótí igi, di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọmọbìnrin kan tó mú ìwé àti gègé dání wá bá wa nílé ìdáná. Ó jẹ ọ̀dùnkún àti ata ẹ̀pà wa, àwo méjì gbáko, ó sì ń bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọdún mélòó lẹ lò lọ́dọ̀ Ọ̀gá? Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Mò ń fa oje. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní kí Zoila pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ ọ́: Zoila Botina, ó ní gbogbo ẹni tó bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Láti ọjọ́ náà ni Zoila ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Kò bèèrè àmì ẹ̀yẹ, kò ní kí wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, dókítà sì ti sọ fún wa lọ́dún tó kọjá pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Kó tó lọ, ó fẹ́ rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ilé tó ti lo eyín rẹ̀ tán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n Zoila ò mọ̀wé. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé Burbano, ohun tó sì ń gbà níbẹ̀ ni ìyá wa fi rán èmi àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìwé. Èmi ni màá ka ògiri náà fún un. Ohun tí mò ń sá fún gan-an nìyẹn, torí mo mọ irú èèyàn tí wọ́n máa ń kọ orúkọ wọn sára ògiri ní ìlú Pasto yìí, mo sì mọ irú èèyàn tí wọn kì í kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí inú ibẹ̀ ni irọ́ wọn sá pa mọ́ sí. Oje igi kan ni, mopa-mopa là ń pè é, inú igbó ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rù ú wá. Wọ́n á sè é, wọ́n á lù ú. Láyé ìgbà tí Zoila ń ṣe é, ẹnu ni wọ́n tún fi ń rún un títí á fi rọ̀. Bó bá ti gbóná tó sì rọ̀, ẹni méjì á dojú kọ ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á fi ọwọ́ méjèèjì di igun méjì mú, á fi eyín di àárín mú. Ẹnì kejì á ṣe bákan náà lápá kejì. Wọ́n á wá máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, títí oje náà á fi fẹ̀, á di awọ tó tín-ín-rín débi pé wàá máa rí ojú ẹnì kejì rẹ gba inú rẹ̀. Awọ yẹn ni wọ́n ń fi abẹ gé ní òdòdó àti ẹyẹ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara àpótí igi. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ o. Ooru àtẹ́lẹwọ́ ló ń lẹ̀ ẹ́. Bó bá sì ti lẹ̀, ó lẹ̀ náà nìyẹn, omi ò lè ṣí i, ọṣẹ ò lè ṣí i. Ẹ sì rántí pé ẹni méjì ni mo wí.

Àwa mẹ́rìnlá la wà nínú bọ́ọ̀sì. Alága wa, Fabiola Pantoja, fi fèrè kékeré kọ́rùn bí olùkọ́ eré ìdárayá, ó sì ti kìlọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mẹta ká tó dé: a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan, a ò gbọ́dọ̀ jẹun nínú ilé, a ò sì gbọ́dọ̀ dójú ti ẹgbẹ́. Èmi ló ń wò nígbà tó sọ ìkẹta yẹn. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tí ojú máa tì lónìí, èmi kọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, Fabiola fun ẹnu pọ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Zoila dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú, kò wọlé. Àyà mi já, mo rò pé ọkàn rẹ̀ ló tún fẹ́ ṣe é. Ó ní rárá o, pé òun ò gba ibẹ̀ wọlé rí ni. Fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tó kọjú sí kòtò omi, ló ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ mú wa káàkiri ilé ń jẹ́ Duván, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ ọba. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ jàre, ilé yín ni." Ohun tó sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Zoila rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wọlé.

Àwòrán Ọ̀gá ló kún yàrá àkọ́kọ́. Ọ̀gá lọ́mọdé, Ọ̀gá lórí ẹṣin, Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Zoila fà mí láṣọ, ó bèèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Mo ní kò tíì sí, pé ìgbà èwe Ọ̀gá nìyí, kó jẹ́ ká dé ibi iṣẹ́ ná. Ó ní òótọ́ ni. Ní yàrá kejì, wọ́n to bàtà rẹ̀, ìgò ọtí rẹ̀, àti àwo tó fi ń jẹ ẹran kúì yíyan sínú gíláàsì. Zoila tún fà mí láṣọ. Kò sí. Wọ́n ráyè kọ ìtàn àwo tí Ọ̀gá fi jẹ ẹran, wọ́n kọ ibi tó ti rà á, wọn ò kọ ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Yàrá kẹta ni ibi iṣẹ́. Bí a ṣe wọ ibẹ̀, ara ẹ̀gbọ́n mi yá. Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́: ibí ni àdògán wà, igun yẹn ni wọ́n ń gbé omi gbígbóná sí, wọ́n ti gbé tábìlì kúrò níbi tó yẹ kó wà. Duván dúró láàárín yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí àlùfáà. Ó ní ibí yìí ni Ọ̀gá ti dá nìkan ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún, pé ńṣe ló máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́, àfi òun àti oje rẹ̀. Àwọn ìyá mí kanlẹ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ ṣe àmì àgbélébùú.

Òun nìkan kẹ̀! Mo yíjú sí Zoila, mo rò pé á bínú. Ó ń mi orí.

"Òótọ́ ló sọ o, ó máa ń ti ilẹ̀kùn," ó ní. "Èmi ló máa ń ní kí n tì í. Bí atẹ́gùn bá wọlé, oje á gan, kò ní nà mọ́."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì, òun náà ni wọ́n fi lé e jáde nínú ìtàn. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Fabiola já mi léèékánná lápá. Mo dákẹ́. Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣì ń kábàámọ̀ rẹ̀.

Gíláàsì kan wà lára ògiri yàrá náà, awọ oje kan tó ti gbẹ bí èèpo àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. Àmì eyín wà létí rẹ̀ lápá ọ̀tún, àmì eyín wà lápá òsì. Ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ pé eyín Ọ̀gá ni. Zoila tẹ̀ mọ́ gíláàsì náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, torí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ìka mi, ó fi kan eyín iwájú rẹ̀ kan lókè. Méjì péré ló ṣẹ́ kù lókè níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìgbà tí ìbaaka gbé e ṣubú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo wo gíláàsì. Lára àmì eyín apá òsì, ọ̀kan wà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà.

"Eyín mi rèé," ó ní. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. "Kà á fún mi. Ṣé orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní wọ́n kó gbogbo orúkọ jọ sí yàrá tó kẹ́yìn ni. Ó gbà mí gbọ́. Láti kékeré ló ti ń gbà mí gbọ́ bí mo bá ti gbé ojú lé ìwé.

Ní yàrá tó kẹ́yìn, pákó ńlá kan wà lára ògiri, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà tó yọ sókè ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo sáré kà á. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mínísítà, lọ́wọ́ olórí ìlú, lọ́wọ́ ìyàwó olórí ìlú. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iná mànàmáná. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta ọ̀dà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí Botina kankan níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, orúkọ kan dá dúró, ó tóbi ju ti mínísítà lọ: Sultán. Wọ́n wá fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ ṣàlàyé lábẹ́ rẹ̀ pé ajá Ọ̀gá nìyẹn, ẹ̀dá alààyè kan ṣoṣo tó gbà láyè níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ajá yẹn. Zoila ló ń fún un lóúnjẹ.

"Edelmira, ṣé ó wà?"

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ti tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ti fi ìtọ́ rẹ irun iwájú orí rẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ fún ojú yẹn pé kò sí, kó wá gba ipò mi. Mo ní ó wà. Ó bèèrè ibo. Kí n tó ronú ohun tí màá sọ, ó ti rí ibi tí ojú mi wà, ó ti na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ pákó, sí orúkọ tó tóbi jù. "Ṣé èyí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ń fọwọ́ pa á. Ó ń fi ìka rẹ̀ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó lọ, ó bọ̀. Ó ní wọ́n mà fi wúrà kọ ọ́, wọ́n mà fún òun nìkan láyè tirẹ̀, ọmọ tó jẹ ọ̀dùnkún wa yẹn káre, ọmọ gidi ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé á parí síbẹ̀, pé a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó relé, irọ́ mi á sùn lọ́dọ̀ mi títí a ó fi kú. Zoila wá yíjú padà, ó pe àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa, ó ní kí wọ́n wá wo orúkọ òun.

Wọ́n wá. Wọ́n mọ̀wé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mo rí i bí Fabiola ṣe kà á, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, tó wá gbójú sókè wò mí. Ẹnì kan lẹ́yìn fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín ènìyàn, ó ń fọwọ́ pa orúkọ ajá, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín, èmi ni mo sì fà á.

"Mo purọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní. "Orúkọ ajá lẹ fọwọ́ lé. Tiyín ò sí níbẹ̀. Kò sí níbì kankan nínú ilé yìí."

Zoila ò tètè gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tó gbé e kúrò, ó fi ìborùn nù ún, ìka kọ̀ọ̀kan, kò wo ẹnikẹ́ni. Ìtìjú bò mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tí ìtìjú ò wá rí ibi lọ, ó di ìbínú, mo sì kọjú rẹ̀ sí Duván.

Mo ní kó sọ fún mi, ọmọ ọlọ́mọ, báwo ni ọkùnrin kan ṣe fi eyín mú awọ kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹnu méjì ni Ọ̀gá ní? Ó ní kí n má bínú, Màmá, pé ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fún àwọn lòun ń sọ. Mo ní ta ló kọ ìwé náà, ibo ni ìwé ọmọbìnrin tó wá ilé ìdáná wa wọlé sí? Kò mọ̀. Ó ní òun ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn. Fabiola ń fi fèrè rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́, kò fọn ọ́.

Tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà, ìkòkò omi gbígbóná wà lórí rẹ̀, oje mopa-mopa díẹ̀ sì wà nínú omi náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi oje han àlejò kí wọ́n tó tú ká. Mo nàka sí i.

"Ó dáa," mo ní. "Fà á. Ìwọ nìkan. Bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó bá òun rẹ́rìn-ín, ó yọ oje náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, oje náà sọ̀ kalẹ̀ láàárín bí ikun imú. Ó kó o jọ, ó fi eyín mú apá kan, ó fi ọwọ́ na apá kejì, oje náà di okùn. Ọ̀kan nínú ìbọ̀wọ́ funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbọn ọwọ́ títí ìbọ̀wọ́ náà fi bọ́, àwọn ìyá ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnì kan ní kó tilẹ̀kùn mọ́rí bóyá á ṣeé ṣe. Òógùn bò ó. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́ já, ó sì sọ̀rọ̀ láàárín eyín láì ronú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan bá mi mú apá kejì."

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Òun náà gbọ́ ohun tó sọ. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oje lẹ́nu, etí rẹ̀ pọ́n. Mi ò fi kún un. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dé orí, ọmọ náà sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Zoila ló rìn lọ síbi tábìlì. Ó ní kí Duván ti ilẹ̀kùn, atẹ́gùn ń wọlé. Duván sáré tì í. Zoila gba oje ọwọ́ ọmọ náà, ó sọ ọ́ nù, ó mú òmíràn nínú omi gbígbóná láì lo ìbọ̀wọ́, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó ń fi èrìgì rún un. Ó pẹ́. Ó wá pè mí, ó ní, "Edelmira, bọ́ síbí," pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń pè mí nígbà tí mo bá ṣẹ̀ nígbà kékeré.

Èmi ò ṣiṣẹ́ nílé Burbano rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé pẹ̀lú Zoila tí ò ní mọ̀ ọ́n? Àjẹkù oje tó ń kó bọ̀ wálé la fi ń ṣeré lẹ́bàá àdògán ìyá wa. Mo di igun tèmi mú, mo fi eyín mú àárín, oje náà gbóná, ó korò bí mo ṣe rántí rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí fẹ̀yìn rìn. Kò lè sọ̀rọ̀, èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń pàṣẹ fún mi: rọra, dúró, máa bọ̀. Awọ náà ń fẹ̀. Nígbà tó ti tín-ín-rín dáadáa, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi gba inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó dà bíi ti ọmọ ogún ọdún. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò ráyè.

Mo rò pé á tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó fi ojú darí mi sí ògiri. A gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ó gbé e lé ìsàlẹ̀ pákó wúrà náà, lé orí Sultán àti àlàyé rẹ̀. Ó tú eyín rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, láti àárín lọ sí etí, lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, bó ṣe tẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpótí tó ń jẹ́ ti Ọ̀gá. Létí awọ náà lọ́wọ́ òsì, àmì eyín méjì hàn kedere, ọ̀kan ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Duván sáré lọ wo awọ tó wà nínú gíláàsì ní yàrá kẹta. Nígbà tó padà wá, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó kù.

Ariwo wa ló gbé olùdarí ilé náà jáde, Dókítà Zarama, tó so ìborùn sílíìkì mọ́rùn. Ó wo pákó rẹ̀, ojú rẹ̀ yí. Ó bèèrè ẹni tó ṣe é, ó ní ìgbìmọ̀ kan ní olú ìlú, ní Bogotá, ló fọwọ́ sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri yìí, ẹnikẹ́ni ò lè fi kún un, ẹnikẹ́ni ò lè yọ kúrò. Mo sọ fún un ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì yíjú sí Duván, ó ní kó fi omi nù ún kúrò.

"Dókítà, omi ò lè ṣí i," Duván ní.

Ó ní kó lo ọṣẹ.

"Ọṣẹ náà ò lè ṣí i, sà. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò lójoojúmọ́. Àfi ká da pákó náà nù."

Dókítà Zarama tún wo pákó náà. Orúkọ mínísítà wà lára pákó yẹn, kò sì rọrùn láti da mínísítà nù. Ó wá yí ohùn padà, ó rẹ́rìn-ín sí Zoila bí ẹni tó ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó ní ìwé àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà, pé bí màmá ò bá mọ̀wé, kí màmá tẹ̀ka síbẹ̀, òun fúnra òun á sì rí sí i. Ìwé àlejò! Fún ẹni tó lo ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ilé! Mo ti ń wá ohun tí màá fi bú u, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dáhùn fúnra rẹ̀.

"Mi ò tẹ̀ka mọ́, Dókítà," ó ní. "Mo ti tẹ eyín."

Fabiola Pantoja fi fèrè sẹ́nu, ó fọn ọ́ sí olùdarí náà lójú, fèrè náà ké débi pé ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. Fabiola ní ẹgbẹ́ ń lọ. Ó wá bi Zoila, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí mi ò rí lọ́dọ̀ rẹ̀ rí, pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Zoila mú wa lọ. Wọ́n ti fi àga tò dí i, àwa ìyá àgbà kó wọn kúrò, a gba ẹ̀bá kòtò omi jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, Zoila jókòó ti fèrèsé, ó kẹ́yìn sí mi. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìkùukùu ti bo òkè Galeras, èémí àwa mẹ́rìnlá ti mú kí gbogbo gíláàsì ṣú. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, mo bẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì. Mo ní nítorí ìfẹ́ ni mo ṣe purọ́. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àdúgbò wa ló tó yíjú sí mi.

"Má ka ohun tí wọn ò kọ fún mi mọ́ láé," ó ní. "Gbogbo wọn ló ti ń purọ́ fún mi. Ìwọ nìkan ni mo ní."

Mo ní mo ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ tí wọn ò kọ lọ, ó sì yẹ kó dùn mí. Ó fi ìka lu gíláàsì fèrèsé tó ṣú, ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, kóun rí i. Mo fi ìka kọ Zoila, lẹ́tà ńláńlá. Ó tẹ̀ mọ́ ọn bó ṣe tẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀ nínú gíláàsì, ó wò ó títí.

"Ṣé ó gùn tó ti ajá?"

Mo ka iye lẹ́tà wọn. Mi ò ní purọ́ mọ́. Mo ní ti ajá fi lẹ́tà kan jù ú lọ.

"Fi Botina kún un nígbà náà," ó ní, ó sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi lè dé ibẹ̀.